Dókítà ní kí á má jòkèlè mọ́, kí ni kí á wá máa jẹ?

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, a ó rí i pé kò sí ẹran níbẹ̀, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀wà. Láti orí iyán títí dé orí gúgúrú, nǹkan kan náà ló kún inú gbogbo wọn, sítáàṣì ni. Bí Yorùbá bá sọ pé òun ti jẹun, òkèlè ló ń wí. Ẹni tó bá jẹ odidi àwo ẹran kan láìjẹ òkèlè, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, yóò ní òun kò tíì jẹ nǹkan kan, òun kàn fi ẹran panu ni. Irú àwa báyìí ni dókítà wá ń sọ fún pé kí á má jòkèlè mọ́.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ẹni 70 ọdún, kì í sì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan. Omi ni mò ń mu ṣáá, ìtọ̀ ni mò ń tọ̀ lóru bí ẹni tó mu odidi agbè ẹmu, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí àwọn ọmọ mi gbé mi dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, wọ́n ní ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 212. Àwọn oníṣègùn sì ti sọ pé bí ó bá ti tó 126 lára ẹni tí kò tíì jẹun, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò wálẹ̀, àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà náà, ọmọdékùnrin kan tó níwà tútù, sọ fún mi pé: "Bàbá, ẹ̀bà ti parí, iyán ti parí, àmàlà ti parí, ìrẹsì àti búrẹ́dì náà ti parí." Ó wá fún mi ní ìwé kan tí wọ́n tẹ àwọn ohun tí mo lè jẹ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ka ìwé náà lákàtúnkà. Broccoli ló ṣáájú, ẹja salmon tẹ̀ lé e, wàràkàṣì òyìnbó, èso blueberry àti òróró ólífì. N kò rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, n kò rí ṣọkọ, n kò rí ilá, n kò rí ẹ̀gúsí, n kò rí irú. Ìyá àwọn ọmọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sọ́jà, ó sì gbé e padà wá bó ṣe gbé e lọ. Ó ní ẹni tí òun bi léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta broccoli bi òun padà bóyá oògùn eku ni. A rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ebi ń pa mí, n kò sì mọ ohun tí mo lè jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo padà sídìí ẹ̀bà mi. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló wà ní oko àti ní ìlú tí wọ́n gba irú ìwé yìí, tí wọ́n ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ títí ojú fi fọ́ tàbí tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀. Nítorí wọn ni mo ṣe gbé gègé mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá àwọn dókítà jà o. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwa àgbà mọ sítáàṣì dáadáa, òun náà ni à ń yọ nínú ẹ̀gẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a fi ń mú kí aṣọ le kí á tó lọ̀ ọ́. Ohun kan náà ló kún inú gàrí, èlùbọ́, ìrẹsì, àgbàdo àti iṣu. Bí ó bá ti dé inú, ara a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a di ṣúgà, a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní insulin, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí ibi tí ara yóò ti fi ṣiṣẹ́. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, yálà insulin yìí kò tó mọ́ ni o, tàbí ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ ni o, ṣúgà á wá kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, á ba ojú jẹ́, á ba kídìnrín jẹ́, á sì mú kí ẹsẹ̀ kú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á tẹ ìṣó tí kò ní mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá dín ohun tó ń di ṣúgà kù lẹ́nu, ó ti dín ẹrù kù lórí ara rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n náà kò sì jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1863, ọkùnrin kan ní London tó ń jẹ́ William Banting, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìsìnkú, kọ ìwé kékeré kan jáde nípa bí òun ṣe sanra débi pé òun kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà òun, àti bí ara òun ṣe fúyẹ́ nígbà tí òun fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún òyìnbó sílẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ ní Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tó ṣàwárí insulin ní ọdún 1921, fífi oúnjẹ du aláìsàn ni olórí ohun tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 1972, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Atkins, tún gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé tí àìmọye ènìyàn rà. Lónìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Houston ló ń fi í ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù pé: "Dádì, ẹ má jẹ sítáàṣì mọ́." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ilé tí ẹran, wàrà àti ẹyin ti wà nítòsí ni. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹran ló kù sínú àwo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà sílẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ nínú wa ńkọ́? Omi ọbẹ̀ ló kù.

Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju bó ṣe wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Gàrí náà gbówó lórí, a kò lè parọ́ pé kò gbówó lórí. Síbẹ̀, owó tó ń ra gàrí tí yóò yó ènìyàn mẹ́rin kò lè ra ẹja tí yóò yó ẹnì kan ṣoṣo. Bí dókítà bá sọ fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kékeré pé kó máa jẹ ẹyin méjì láàárọ̀ àti ẹja lálẹ́, kò sọ̀rọ̀ burúkú, ṣùgbọ́n owó tí onítọ̀hún yóò fi ra oògùn ni yóò tì bọ inú ọbẹ̀.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti ẹ̀yin ará oko. Orílẹ̀-èdè wa ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ àti iṣu jù lọ ní gbogbo àgbáyé, àwọn àgbẹ̀ tó sì ń pèsè rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ohun tí ènìyàn gbìn ló ń jẹ. Ẹyin tí adìyẹ ń yé lẹ́yìn ilé, ìyàwó àgbẹ̀ kì í sè é jẹ, títà ló ń tà á kó lè fi ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Ẹran ìgbẹ́ tó bá kó sí tàkúté, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e kọ́ fún àwọn onímọ́tò. Àgbẹ̀ sì nìyí, láti ìdájí ló ti ń kọ ebè, agbára tó fi ń kọ ọ́ sì ti inú òkèlè wá. Bí ẹ bá ní kó fi òkèlè sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò fi gbé ọkọ́ fún un.

Ìṣòro kẹta ló dùn mí jù, nítorí kò sí nínú ìwé dókítà rárá. Oúnjẹ láàárín wa kì í ṣe ohun tí a fi ń yó nìkan, òun la fi ń fẹ́ràn ara wa. Bí o bá dé ilé àna rẹ, tí wọ́n gbé iyán kalẹ̀, tí o ní o kò jẹ, wọ́n á rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá dé òde ìnáwó tí o ń ṣa ẹran jẹ tí o fi ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á ní àgbàlagbà ọ̀kánjúwà ni ọ́. Àwọn kan á tilẹ̀ bi ọ́ pé ṣé o rò pé àwọn fi nǹkan sí i ni. Nínú ilé tèmi gan-an, ìyá àwọn ọmọ mi sunkún lọ́jọ́ kan. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ro ọkà fún mi, n kò ta á nù rí, kí ló dé tí mo wá ń wo àwo òun bí ẹni ń wo májèlé? N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ti rí ọ̀nà àbùjá, ọ̀nà náà ni kò sì dára. Wọ́n ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ti alátọ̀gbẹ, wọ́n ní ti wíìtì náà kò léwu, ni wọ́n bá ń jẹ kọ́ńkọ́ méjì-méjì. Ẹ jọ̀ọ́, sítáàṣì ló kún inú èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, òun náà ló sì kún inú wíìtì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n lè má yára di ṣúgà tó bí ẹ̀bà, ṣùgbọ́n bí o bá fi kún àwo, ohun tí o sá fún náà ló tún bá ọ nílé. Àwọn mìíràn ń rẹ gàrí mu láìfi ṣúgà sí i, wọ́n ní àwọn ti fi ṣúgà sílẹ̀. Nínú 100 gírámù gàrí gbígbẹ, nǹkan bí 80 gírámù ni sítáàṣì. Ẹyin adìyẹ kan kò ní tó gírámù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mu gàrí ife méjì láìfi ṣúgà sí i, ṣúgà náà ló mu.

Ohun tó wá léwu jù lọ nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fetí sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan, àgbẹ̀ kòkó, gbọ́ pé kí alátọ̀gbẹ má jòkèlè, ló bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ fún dókítà rẹ̀. Ó lo oògùn láàárọ̀, ó jẹ ẹ̀fọ́ díẹ̀, ó gba oko lọ. Kí ó tó di ọ̀sán, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn tó bá a níbẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Kì í ṣe ayé o. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn oníhóró bíi glibenclamide, oògùn náà ń lé ṣúgà wálẹ̀ yálà ó jẹun tàbí kò jẹun. Bí ṣúgà bá ti wá sísàlẹ̀ 70, ewu ti dé. Bí onítọ̀hún bá ṣì mọ ara rẹ̀ tó lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà, oyin tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Orí ló yọ ọ̀rẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dín òkèlè rẹ̀ kù lójijì láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n dín oògùn náà kù pẹ̀lú.

Kí wá ni èrò tèmi? Èrò mi ni pé ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò lè tẹ̀ lé kì í ṣe ìmọ̀ràn. "Má jòkèlè mọ́" ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò jẹ nǹkan mìíràn láti ìgbà tó ti já ọmú. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún wa ni pé kí á yí àwo wa padà. Lónìí, òkèlè ló dà bí òkè nínú àwo, ọbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí odò tó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ di oúnjẹ, kí òkèlè sì di ṣíbí tí a fi ń bu ú.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là mí lójú sí èyí, kò sì lo ìwé kankan. Ó ní: "Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín." Mo nà án. Ó ní kí n di ìkúùkù, ó ní òkèlè tí n óò jẹ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀bà, ìbáà jẹ́ iyán. Ó ní kí n la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní ẹ̀fọ́ tàbí ilá tí n óò jẹ gbọ́dọ̀ kún un. Ó ní kí n wo àtẹ́lẹwọ́ kan láìka ìka mọ́ ọn, ó ní bí ẹja, ẹran tàbí ẹyin mi ṣe máa tó nìyẹn. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ náà kí n tó mú òkèlè, kí n sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ dípò kí n sùn. Ó ní bí n kò bá rówó ẹja, kí n jẹ ẹ̀wà tàbí ọ̀ọ̀lẹ̀. Sítáàṣì wà nínú ẹ̀wà lóòótọ́, nítorí náà kí n má fi gàrí sí i, ṣùgbọ́n kì í sáré di ṣúgà bí ẹ̀bà, èròjà tó ń mú ara dàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí n má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò bá dá ṣáká gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè kí ó tó fi kún ẹran àti ẹ̀wà tó ń jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ìwé òyìnbó kò lè bá mi sọ, ọwọ́ ara mi ló fi bá mi sọ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. N kò dín ẹ̀bà mi kù lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo yọ òmíràn. Ìyá àwọn ọmọ mi gbin tẹ̀tẹ̀, ewúro àti ilá sẹ́yìn ilé, kò sì ṣe ìkòkò méjì mọ́, ohun kan náà ni gbogbo wa ń jẹ. Ìgbà tí gbogbo ilé ń jẹ ẹ́ ni mo tó gbàgbé pé aláìsàn ni mí. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, pẹ̀lú oògùn tí mò ń lò, 212 ọjọ́sí ti di 131. N kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń ríran ka ìwé ìròyìn.

Ẹni tó bá ní a kò lè yí oúnjẹ baba wa padà, kí ó rántí pé ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí gan-an kì í ṣe ti baba wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, àwọn Potogí ló kó o wọ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn sì wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gàrí ṣíṣe kálẹ̀ láàárín wa. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ náà, láti òkè òkun kan náà ló ti wá. Àwo wa ti yí padà rí, ó tún lè yí padà.

Mo wá ń bẹ ìjọba àti àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n tẹ ìwé oúnjẹ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kọ tẹ̀tẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ ilá sí i, kí wọ́n ya ìkúùkù sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, dípò kí ẹ máa fi ìkìlọ̀ nìkan ránṣẹ́, ẹ fi owó ẹja àti owó ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe bínú bí ọkọ bá ní òkèlè ti pọ̀ jù, ẹ fi ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, bí àgbàlagbà bá ní ìrẹsì díẹ̀ lòun fẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í ní ìdí. Ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló ń ṣọ́, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.